Ahọ́n Tó Ń Yan Ìdẹ

Bí ẹnìkan bá bi mí pé ìdẹ wo ló dára jù fún ẹja, èmi náà á bi í pé: omi wo? Kì í ṣe ẹja wo ni mo máa bi í. Ẹja ò ṣòro. Omi ló ṣòro. Ọ̀sà tó wà lẹ́sẹ̀ ìlú Àjàṣẹ́ wa kì í ṣe omi kan ṣoṣo. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa tí odò Wémè kún dé, omi tútù ni. Tí kì í bá ṣe ti ẹrẹ̀ inú rẹ̀, ẹ lè bù ú mu. Bí òjò bá lọ tán tí ọyẹ́ dé, òkun á gba ẹnu omi ní Kútọ̀nù wọlé díẹ̀díẹ̀, ọ̀sà kan náà á sì di omi iyọ̀. Ẹja tó fẹ́ iyọ̀ á tẹ̀ lé e wá láti òkun, èyí tí kò fẹ́ ẹ á sá gòkè odò. Ẹni tó bá fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀ ní ọjọ́ tí iyọ̀ ti dé, akàn ló ń bọ́. Kì í ṣe ẹja.

Èmi kọ́ ni mo dá ọgbọ́n yìí mọ̀ o. Aránṣọ ni mí. Ìsọ̀ mi wà ní àdúgbò Dowa nígbà náà: ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tábìlì kan, àti bẹ́ǹṣì kan tó jẹ́ pé àwọn tí kò rán nǹkankan ló ń jókòó sí i jù. Kò tíì ju ọdún díẹ̀ lọ tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé, ara gbogbo wa ń yá gágá, ó dà bí ẹni pé olúkúlùkù ń rán ṣòkòtò tuntun tí yóò fi wọ inú ayé tuntun. Iṣẹ́ ò wọ́n mi. Síbẹ̀, ní ìdájí, kí n tó ṣí ìsọ̀, etí ọ̀sà ni ẹ ó ti bá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ìyàwó mi.

Àna mi yìí, apẹja ni láti kékeré. Ọkùnrin gígùn, tínrín, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun tán kí irun orí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, òun ló ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mùsùlùmí sì ni èmi. Ọjọ́ tí mo wá tọrọ ọmọ rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ kan ń kùn lábẹ́lẹ̀. Òun kò kùn. Kò tilẹ̀ wò mí lójú. Ọwọ́ mi ló ń wò.

Ó ní, "Ṣé ìka yìí lè so okùn?"

Mo ní, "Ó lè so ó, Bàbá."

"Ó dáa. Ọjọ́ Ìsinmi, èmi kì í pẹja. Ọjọ́ Jímọ̀, ìwọ ò ní pẹja. Ọjọ́ márùn-ún tó kù, ẹja ò mọ ẹni tó ń kírun yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọrin."

Bí ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ṣe parí nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ tán, mo dìde, ó sì gbé ìdì okùn kan tó lọ́ pọ̀ lé mi lọ́wọ́ kí n bá òun tú u.

Òun ló kọ́ mi pé ìwọ̀ kì í ṣe irin lásán. Àwọn obìnrin tó ń kó ọjà gba ẹnubodè Kraké wọlé láti ìhà Nàìjíríà ló ń bá wa mú ìwọ̀ wá, nínú páálí kéékèèké tí wọ́n ki bọ àárín aṣọ. Bí wọ́n bá kó o dé, àna mi á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi ẹnu ìwọ̀ lé èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, á fà á díẹ̀. Bí ó bá yọ̀, ó ti kú. Bí ó bá há sára èékánná tí kò yọ̀, ó yè. Àwọn tó ti kú, kì í jù wọ́n nù. Á fi òkúta pọ́n wọn lábẹ́ igi ní ọ̀sán, á máa fi ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ orin ìjọ sí wọn bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Okùn tí à ń lò, gígùn ni. A ń pe èyí tó gùn ní ìyá. Lára ìyá ni a ti ń so àwọn ọmọ, okùn kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò gùn ju apá ènìyàn lọ, ìwọ̀ kan ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní àkókò omi tútù, a ń fi òjé wúwo sí ìyá lára kí ó lè sùn sínú ẹrẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ni àrọ̀ ti ń jẹun. Ekòló ni ìdẹ rẹ̀. Ní àkókò omi iyọ̀, kò sí òjé mọ́. A ń fi ègé igi fúyẹ́, tí a gé lára ọ̀pá ọ̀gọ̀rọ̀, gbé ìyá léfòó, àwọn ọmọ á gùn sí i, edé ààyè tí a kọ́ níbi ìrù á máa ta pọ́ún pọ́ún láàárín omi, ẹja kútà á sì rí i láti òkèèrè. Apẹ̀rẹ̀ méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀kan fún okùn tó ń sùn, ọ̀kan fún okùn tó ń léfòó.

Bí omi bá pọ́n bí ògì bàbà ní àárín òjò, ọṣẹ là ń lò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọṣẹ tí àwọn ìyá wa fi epo àti eérú sè ni, a ó gé e bí ẹni gé iṣu kéékèèké, ọ̀bọ̀kún á sì fi imú wá a wá. Ọdún àkọ́kọ́ mi, mo rò pé mo gbọ́n, mo gbé ọṣẹ olóòórùn dídùn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn Faransé lọ. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe fún ẹja. A kò rí ìrù ẹja kan. Àna mi mú èyí tó kù lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní:

"Ọkọ ọmọ mi, ẹja tí o fẹ́ pa yìí, ṣé ibi ìgbéyàwó ló ń lọ ni?"

Okùn síso nìkan ni mo fi wú u lórí. Ìda ni mo fi ń pa òwú mi nídìí ẹ̀rọ, mo bá pa okùn ìwọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ó fà á títí, kò já. Ó ní, "Aránṣọ ni ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìsokùn rẹ lẹ́wà jù. Ẹja kì í wá gba aṣọ lọ́jọ́ ọdún."

Ní èbúté wa, ọkọ̀ mẹ́fà ló wà. Gbogbo wa ń dẹ okùn sí ojú omi kan náà, nítorí náà ọ̀nà kan náà ni gbogbo okùn gbọ́dọ̀ gbà lọ. Bí okùn ẹnìkan bá sùn tí ti ẹlòmíràn léfòó, bí omi bá ti ń wọ́ wọn, wọ́n á lọ́ mọ́ra, ọ̀sán yóò sì di ìjà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ahọ́n kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ ní èbúté wa ní ọ̀sẹ̀ tí omi ń yí. Ahọ́n àna mi ni.

Báyìí ló ń ṣe é. Kì í jẹ nǹkankan láti alẹ́. Àwọn tó kù á ti jẹ obì, á ti fa tábà kí wọ́n tó dé etí omi, òun rárá. Á wọ omi dé orúnkún, á ti igbá bọ ìsàlẹ̀, á bù ú láti abẹ́, nítorí pé omi iyọ̀ wúwo, abẹ́ ló ń gbà wá bí olè. Á gbé e sẹ́nu, á fi ahọ́n yí i ká, á tu ú. Gbólóhùn mẹ́ta ló ní. "Tútù ni." Tàbí, "Ó ń bọ̀." Tàbí, "Ó dé." Kò sí ẹni tó ń ti ọkọ̀ kí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń tọ́ omi wò lẹ́yìn rẹ̀. Àfojúdi ni yóò jẹ́.

Ọkùnrin Ègùn kan wà tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, Nàgó, Yorùbá ti ọ̀dọ̀ wa, tó ń sọ sì dán ju ti ẹlòmíràn tí a bí sínú rẹ̀. Òun ló máa ń wí fún àna mi pé, "Bàbá, ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ sọ́run, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gba ahọ́n yẹn sílẹ̀."

Àna mi á ní, "Kí ni o fẹ́ fi í ṣe? Tìrẹ tí o ní, o ò tíì lò ó kó gbó tán ni?"

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, bí òjò ṣe ń parí lọ, ibà àti ọ̀fìnkìn da àna mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó dìde. Ara rẹ̀ fúyẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ padà sínú orin, a sì dúpẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà, a jọ jẹun ọ̀sán ní ilé rẹ̀. Ìyàwó mi ló se ọbẹ̀ ẹja tí a fi jẹ ẹ̀kọ. Òkèlè àkọ́kọ́, mo gbójú sókè, ojú mi pàdé ti ìyàwó mi. Ó ti gbàgbé iyọ̀. Kì í ṣe pé iyọ̀ kò tó, kò fi rárá ni. Ó ń dìde láti lọ mú un wá, bàbá rẹ̀ sì ti ń fi ìka nu àwo.

"Ọbẹ̀ yìí dùn o," ni ó wí. "Ọmọ yìí ti gba ọwọ́ ìyá rẹ̀ tán."

Ẹni tó mọ yẹ̀yẹ́ ṣe ni, nítorí náà mo ń dúró de ẹ̀rín. Ẹ̀rín ò dé. Mo wo ìyá ìyàwó mi. Ilẹ̀ ni ìyá ń wò.

Ọyẹ́ dé. Ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo wa wà ní èbúté pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ méjì-méjì wa. Àwọn obìnrin tó ń pa edé ti gbé ìkòkò edé ààyè wọn kalẹ̀, àwa náà sì ní ekòló tí a wà ní ìrọ̀lẹ́ àná nínú agolo. Àna mi wọ omi. Mo ṣàkíyèsí pé kí ó tó bu omi, ó dúró pẹ́, ó ń wo àwọn ojú oró tó léfòó yí èbúté ká, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀. Lẹ́yìn náà ó bù ú, ó yí i ká lẹ́nu, ó tu ú.

"Tútù ni."

Ọkùnrin Ègùn náà ní, "Tútù kẹ̀? Bàbá, pẹ̀lú ọyẹ́ tó ti la gbogbo wa lẹ́nu yìí?"

"Ṣé ọyẹ́ ló ń ru iyọ̀ wá ni? Òkun ló ń rù ú."

"Ẹ̀yin lẹ ni ahọ́n."

Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ okùn tó ń sùn. Èmi bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo ń bọ́jú. N kò jẹ obì, n kò fa tábà. Omi kán sí mi lẹ́nu.

Iyọ̀ ni. Kì í ṣe iyọ̀ tí ènìyàn ń wá kiri lẹ́nu. Iyọ̀ tó jókòó, tó ti gbé àpótí rẹ̀ wọlé ni.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni nínú yín tó lè sọ fún bàbá ìyàwó rẹ̀, níwájú ọkọ̀ mẹ́fà, pé irọ́ ló pa? Mo gbé ekòló. Mo gun ọkọ̀. Mo fi òjé síbi tí kò yẹ kí òjé wà, mo sì ń rí i kedere bí ẹni tó ń rán kọ́là mọ́ ìdí ṣòkòtò.

Ní ọ̀sán, akàn ti jẹ ekòló tán lára gbogbo ìwọ̀ ní èbúté. Àrọ̀ méjì ni gbogbo wa pa, àwọn méjèèjì rí bí ẹni tó ń ṣàìsàn tí kò lè sá. Ọkùnrin Ègùn náà gbé ọ̀kan sókè ní ìrù.

"Bàbá, ahọ́n yín sùn lónìí o! Ṣé àdúrà ìjọ yín ló gùn jù lálẹ́ àná ni?"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àna mi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà lẹ́yìn tó sọ wẹ́rẹ́ pé, "Lọ́la, kí olúkúlùkù fi ẹnu ara rẹ̀ wò ó." Mo gbọ́ ọ. Mo sì rí i pé àna mi gbọ́ ọ, nítorí ọ̀pá ìtukọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Apá àna mi kò lè tu ọkọ̀ nìkan mọ́. Ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́. Ohun tó ń gbé e dìde lórí ẹní ní ìdájí ni pé ọkọ̀ mẹ́fà ń dúró dè é. Bí wọn kò bá dúró mọ́, kí ni yóò wá ṣe ní etí omi? Yóò di ọ̀kan lára àwọn àgbà tí wọ́n ń gbé àga sí iwájú ilé fún láràárọ̀, tí wọ́n ń bi ẹni tó ń kọjá bí omi ṣe rí lónìí.

Mo lọ bá ìyá ìyàwó mi lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń yan edé. Mo kúnlẹ̀ ti iná.

Mo ní, "Ìyá, Bàbá kò gbọ́ adùn iyọ̀ mọ́."

Kò gbójú sókè. Ó ń yí edé. "Ọjọ́ kẹta tó dìde ni mo ti mọ̀. Mo fi iyọ̀ sí ògì rẹ̀ dípò ṣúgà, ó mu ún, ó súre fún mi."

"Ẹ ò sọ fún un?"

"Kí n sọ fún un kí ó gbọ́ kí ni? Àbí o rò pé ẹni tó ni ahọ́n kò mọ̀ pé ahọ́n òun ti kú?" Ó fẹ́ èéfín kúrò lójú. "Aránṣọ ni ọ́. Bí aṣọ bá ya lẹ́yìn oníbàárà rẹ láàárín ọjà, ṣé o máa ń pariwo? O ó súnmọ́ ọn ni, o ó rìn tẹ̀ lé e lẹ́yìn."

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí nídìí ẹ̀rọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àpò ṣẹ́ẹ̀tì kan tí mo rán ní ọjọ́ náà, òdìkejì ni mo rán an sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan omi, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń tọ́ omi wò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ, kí n sọ èyí tí mo gbọ́, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá mo gbà á."

Ọkùnrin Ègùn náà pariwo. "Háà! Mùsíyè Aránṣọ fẹ́ wọn omi lọ́rùn àti láyà!"

Àna mi wò mí pẹ́. Ní ọjọ́ tí mo wá tọrọ ìyàwó, ọwọ́ mi ló ń wò. Lónìí, ojú mi gan-an ló wò. Ó na igbá sí mi.

Mo wọ omi dé orúnkún, mo bu ú láti abẹ́, mo yí i ká, mo tu ú. "Ó dé, Bàbá."

Ó gba igbá. Òun náà bu tirẹ̀. Ó yí i ká lẹ́nu pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá, ó dijú bí ó ti ń ṣe é. Ó tu ú.

"Ọmọ yìí gbà á," ni ó wí. "Ó dé."

Kíá, apẹ̀rẹ̀ okùn tó ń léfòó bọ́ síta, àwọn obìnrin ń bu edé, ẹ̀yìn ọkọ̀ kún fún ìdẹ tó ń fò. Àwa méjèèjì tu ọkọ̀ wa jáde. A jìnnà sí àwọn tó kù díẹ̀, ó ń mú edé fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ́ wọn ní ìrù. Kò wò mí nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá ìyàwó rẹ ló sọ fún ọ?"

"Rárá, Bàbá. Ọbẹ̀ ni."

"Ọbẹ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ yìn. Kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀ rárá."

Ó dúró, edé kan ń jó láàárín ìka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀ wá, títí ọkọ̀ fi ń mì, títí mo fi di etí ọkọ̀ mú. Ó ní, "Mo yìn ín! Mo tún ní kí ó sè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀!" Ó nu ojú. "Wò ó, ojú oró ni mo ń kà. Wọn kì í lè fara da iyọ̀, bí ó bá dé, ewé wọn á pọ́n. Mo ní ojú mi á ṣe iṣẹ́ ahọ́n mi. N kò mọ̀ pé odò Wémè ti rán àwọn tuntun wá ní òru, tí iyọ̀ kò tíì ráyè mú. Omi tó gbé wọn wá ti lọ, wọ́n wá jókòó tutù yọ̀yọ̀, wọ́n ń tàn mí jẹ."

Mo ní, "Bàbá, kò sí ẹni tó mọ̀. Báyìí náà la ó máa ṣe é. Èmi á máa kọ́, ẹ ó máa sọ bóyá mo gbà á."

Ó na edé mìíràn sí mi.

Ọ̀sán yẹn, ẹ kò rí nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Kútà tó gùn tó apá mi! Gbogbo ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wọlé pẹ̀lú ariwo. Ọkùnrin Ègùn náà ń jó nínú ọkọ̀ tirẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ó ń kígbe pé, "Ahọ́n Bàbá ti jí o! Ahọ́n Bàbá ti jí!" Mo yíjú sí àna mi pé kí a jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde dúró.

Ó ní, "Kò jí. Ó ti kú. Láti ìgbà ibà mi ni ó ti kú. Ohun tí mo bá gbé sẹ́nu, omi tàbí oyin, ọ̀kan náà ni. Ọkọ ọmọ mi yìí ló tọ́ omi wò lónìí, èmi kàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni. Èyí tí mo sọ lánàá, mo purọ́ ni. Ojú tì mí, mo sì jẹ́ kí ẹ fi gbogbo ìdẹ yín bọ́ akàn."

N kò mọ ibi tí mo máa gbójú sí. Ọkùnrin Ègùn náà dá ijó dúró, ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ lánàá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń to ẹja rẹ̀, ó ń tún un tò. Kò sí ẹni tó bú u. Kò sí ẹni tó ní iṣẹ́ rẹ̀ ní èbúté ti tán, kò sí ẹni tó ní kò tíì tán. Àwọn obìnrin dé láti gba ẹja, ariwo ọjà bo gbogbo rẹ̀, a sì tú ká.

Bí a ti ń lọ sílé, mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ sọ ọ́? Ó ti bọ́ sí i."

Ó ní, "Ìwọ ni ó bọ́ sí i fún. N kò lè jókòó sórí àpótí ẹlòmíràn kí n máa sọ pé èmi ni mo kàn án." Ó rìn díẹ̀. "Ó rẹ̀ mí láti máa wo ojú oró bí ẹni ń wo ojú adájọ́. Jẹ́ kí ahọ́n sinmi."

Ìyàwó mi ní n kò sùn dáadáa ní òru yẹn; èmi ò rántí. Ohun tí mo rántí ni pé mo rò pé tí mo bá dé èbúté, ọkọ̀ márùn-ún á ti lọ, tiwa nìkan á kù. Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìdájí, ó ti wọṣọ, ó jókòó, igbá wà lórí orúnkún rẹ̀. Kò sọ bóyá òun ń bọ̀ tàbí òun ò bọ̀. Mo gba igbá, ó sì tẹ̀ lé mi.

Wọ́n wà níbẹ̀. Gbogbo wọn. Apẹ̀rẹ̀ méjì-méjì wà nílẹ̀. Àwọn kan ń jẹ obì, wọn kò wo ọ̀dọ̀ wa, bí ẹni tí kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo wọ omi. Mo bu ú. Mo sì ṣubú sínú wàhálà, nítorí pé omi ọ̀sà kì í yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ọmọ tí kò fẹ́ wọlé wá jẹun. Ti àná hàn pegedé. Ti òní, mo gbọ́ iyọ̀, n kò gbọ́ iyọ̀. Mo tún bù ú. Mo yíjú padà, mo ní, "Bàbá, n kò mọ̀."

Ó bọ́ bàtà, ó wọ omi wá bá mi. Kò gba igbá. Ó ní, "Dijú. Ibo ló ti kàn ọ́: orí ahọ́n ni, àbí ẹ̀gbẹ́?"

"Ẹ̀gbẹ́, Bàbá."

"Nígbà tí o tu ú, ṣé itọ́ sun sí ọ lẹ́nu, àbí ẹnu rẹ gbẹ?"

"Ó... itọ́ sun díẹ̀."

"Má sọ díẹ̀ fún mi. Bù ú sí i. Ti igbá bọ ìsàlẹ̀, sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ti tutù jù. Ṣé kò tutù lẹ́sẹ̀ rẹ níbẹ̀? Níbẹ̀ gan-an. Yí i ká. Kà dé márùn-ún kí o tó tu ú. Báyìí wá ńkọ́, ọ̀fun rẹ ń sọ kí ni?"

Ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà tó wọ kíláàsì àkọ́kọ́ kò gọ̀ tó bí mo ṣe gọ̀ ní ọjọ́ yẹn. Mo bù, mo tu. Ó bi mí, mo dáhùn. Ó ní mo ṣì í, mo tún bù. Ìlàoòrùn ti pọ́n, oòrùn yọ, ó gun orí àwọn ilé tó wà lẹ́yìn wa, ó kàn wá lẹ́yìn ọrùn. Ní àkókò yẹn, lọ́jọ́ mìíràn, gbogbo okùn á ti wà nínú omi.

Ọkùnrin Ègùn náà ti ti imú ọkọ̀ rẹ̀ wọ omi tẹ́lẹ̀. Ó fà á padà sórí iyanrìn, ó jókòó sí etí rẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ ní ọjọ́sí bu obì, ó fún un ní àbọ̀.

"Bàbá," ni ọkùnrin Ègùn náà pè láti òkè, "ẹ fara balẹ̀ bi í dáadáa. A kò kánjú."